Ìyá ọkọ ń bọ̀ láti Foshan pẹ̀lú báàgì egbòogi: èwo la ó gbà, èwo la ó dá padà?

Ìyàwó Foshan (ìbéèrè)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Guangzhou ní Ṣáínà ni mò ń gbé, ará Foshan, ìlú kan nítòsí ibẹ̀, lọkọ mi, oyún mi ti wọ oṣù kẹjọ. Ìyá ọkọ mi àti àbúrò wọn obìnrin ń bọ̀ wá tọ́jú mi fún odidi oṣù kan lẹ́yìn ìbímọ, èyí tí wọ́n ń pè ní zuo yuezi, ìyẹn jíjókòó oṣù. Wọ́n ti fi fọ́tò ohun tó wà nínú báàgì ránṣẹ́ lórí WeChat: atalẹ̀ tó gbó dáadáa, fínígà dúdú aládùn ìgò mẹ́rin, danggui (gbòǹgbò ọlọ́bẹ̀), gouqi (èso pupa kékeré), páálí ejiao kan (gẹ̀lẹ́ awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́), gbòǹgbò yẹ́lò kan tí wọ́n ní a ó fi fọ inú ọmọ, ẹ̀bu pupa kékeré fún ọmọ tó bá ń ta gìrì, pátákó ìwo ẹfọ̀n tí wọ́n fi ń ha ara, àti ìgò ọtí kan tí kò ní lébẹ̀lì. Bàbá ọkọ mi náà ń bọ̀, wọ́n ń lo oògùn warfarin nítorí ọkàn. Ọkọ mi ní kí n má dá sí i, pé ohun tí wọ́n fi tọ́ òun náà nìyẹn. Mi ò fẹ́ ya aláìmoore, mi ò sì fẹ́ kí nǹkan ṣe ọmọ mi. Èwo ni kí n gbà?

* * *

Ẹni Xiaobei

Ẹ kú ìmúra, ìyàwó wa. Tí ẹ bá bi èèyàn mẹ́wàá, ohun tí wọ́n máa sọ kò ju mẹ́ta lọ. Àwọn kan á ní kí ẹ da gbogbo rẹ̀ nù. Àwọn kan á ní ewé lásán ni, pé ewé kì í pa èèyàn. Àwọn tó rò pé àwọn gbọ́n jù á ní kí ẹ fi ẹ̀rín gbà á, kí ẹ kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ti àkọ́kọ́ á dá ìjà sílẹ̀, ti ìkejì irọ́ ni, ti ìkẹta kò tilẹ̀ ṣeé ṣe. Ìyá ọkọ tó wá jókòó oṣù, òun ló ń dáná nínú ilé. Kí lẹ fẹ́ fi pamọ́ fún ẹni tí ìkòkò wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ibi tí nǹkan ń lọ ni kí ẹ fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Èyí tó ń lọ sínú ìkòkò ọbẹ̀, oúnjẹ ni, ìwọ̀n nìkan ló kù tí a ó máa bá a fà. Èyí tó ń lọ sára awọ, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé awọ ta ni. Èyí tó ń lọ sẹ́nu ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, ẹ dá a dúró ná. Tí ẹ bá fi èyí wo báàgì yẹn, ẹ ó rí i pé ohun tó ju ìdajì rẹ̀ lọ kò ní wàhálà.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbéra ní Foshan rárá, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan sára ọ̀rá rẹ̀ ní lẹ́tà Ṣáínà. "Gbòǹgbò yẹ́lò" kì í ṣe orúkọ.

* * *

Apòògùn

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ dì mú o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ní Brussels, olú ìlú Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n ń fún àwọn obìnrin tó fẹ́ dín sísanra kù ní àpòpọ̀ oògùn tó ní egbòogi Ṣáínà nínú. Èyí tí wọ́n fẹ́ kó wà níbẹ̀ ni hanfangji. Èyí tó dé ni guangfangji. Nínú ọjà, "fangji" ni orúkọ àwọn méjèèjì. Guangfangji ní èròjà tí wọ́n ń pè ní aristolochic acid, tó ń ba kíndìnrín jẹ́, tó sì ń fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ìtọ̀. Àwọn obìnrin tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ lé ní ọgọ́rùn-ún. Kò sẹ́ni tó fi májèlé sí i fún wọn, orúkọ tí kò pé ló ṣe é. Mutong náà rí bẹ́ẹ̀: chuanmutong wà, guanmutong wà, èkejì yìí ló ní èròjà burúkú náà. Ẹni tó bá kọ "mutong" lásán kò tíì kọ nǹkan kan.

Kí ẹ má sì gba pinyin, ìyẹn kíkọ ọ́ ní lẹ́tà ABD. Ọ̀pọ̀ ohun tó yàtọ̀ síra ni pinyin wọn dọ́gba. Tí lẹ́tà Ṣáínà bá ti wà lára ọ̀rá, ẹ lè gbé e lọ sí ilé oògùn ọsibítù ìṣègùn ìbílẹ̀ èyíkéyìí ní Guangzhou, wọ́n á wò ó, wọ́n á fọwọ́ pa á, wọ́n á sì sọ fún yín bóyá ohun tó wà nínú ọ̀rá bá orúkọ ara rẹ̀ mu.

Àwọn kan wà tí ẹ lè dá mọ̀ fúnra yín. Danggui máa ń wá ní egé pẹlẹbẹ, ó funfun bí ìpara ní àárín, etí rẹ̀ pọ́n díẹ̀, òórùn rẹ̀ le, ó sì dùn díẹ̀ lẹ́nu kó tó korò. Gbòǹgbò yẹ́lò yẹn, tó bá ta kókó tó sì ya bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ adìyẹ, tí ẹ ṣẹ́ ẹ tí inú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, tí ẹ fi ahọ́n kàn án tí ìkorò rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu yín títí ẹ fi mu omi ife méjì, huanglian ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé òun ni wọ́n gbé bọ̀. Agbẹ̀bí, ẹ gbà á níbẹ̀.

* * *

Agbẹ̀bí

Mo ti gbà á. Ní ilẹ̀ Guangdong, ìpínlẹ̀ tí Guangzhou àti Foshan wà, àwọn àgbà gbà pé ọmọ máa ń gbé oró láti inú ìyá wáyé, taidu ni wọ́n ń pè é, àti pé omi huanglian ló ń fọ̀ ọ́ dànù. Wọ́n á rẹ egé kékeré kan sínú omi gbígbóná, wọ́n á fún ọmọ ní síbí kan tàbí méjì láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nílé wa náà, wọ́n ń rọ ọmọ lágbo kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan láyé.

Ìṣòro ibẹ̀ ni G6PD. Èròjà kan ni nínú ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń dáàbò bò ó. Lára ẹni tí kò bá ní in tó, àwọn nǹkan kan wà tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa máa fọ́ wẹ́wẹ́. Nígbà náà ni ojú àti ara ọmọ á di yẹ́lò. Tí ohun yẹ́lò yìí bá pọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun, ó ń wọ ọpọlọ, ó lè di ọmọ létí pa, ó lè sọ ọ́ di ẹni tí kò ní lè dá ọrùn dúró, ó sì lè pa á. Àwọn ará Guangdong mọ àìsàn yìí dáadáa. Candoubing ni wọ́n ń pè é, àìsàn ẹ̀wà candou, torí pé ẹ̀wà ọ̀hún náà máa ń fà á. Wọ́n ní ohun tí wọ́n ń kà fún ìyá gbogbo tí ọmọ rẹ̀ bá ní in: kó má fún un ní huanglian, kó má fún un ní jinyinhua (òdòdó kan), niuhuang (òkúta inú òróòro màlúù), lameihua (òdòdó mìíràn) tàbí ẹ̀bu píálì, kó má sì jẹ́ kí kánfọ̀ wà nítòsí aṣọ rẹ̀.

Ìyàwó wa, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn yín gan-an rèé. Ìyá ọkọ yín lè sọ pé kò sẹ́ni tó ní candoubing nínú ẹbí àwọn. Ó lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, kò sì ní yí nǹkan kan padà. Ọmọkùnrin kì í gba àìtó G6PD lọ́wọ́ bàbá, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ló ti ń wá. Àwa Yorùbá sì wà lára àwọn tí àìtó yìí wọ́pọ̀ láàárín wọn jù láyé: nínú ọkùnrin wa márùn-ún, nǹkan bí ẹyọ kan ni G6PD rẹ̀ kò tó. Nítorí náà, tí ẹ bá bí ọkùnrin, ẹ̀jẹ̀ tiyín ni ká wò, kì í ṣe ti Foshan. Tó bá jẹ́ obìnrin, ó lè ti ọ̀dọ̀ èyíkéyìí nínú ẹ̀yin méjèèjì wá.

Ní Guangdong, wọ́n máa ń gún ọmọ ní gìgísẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bí i, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ sórí pépà, G6PD wà lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Ẹ béèrè èsì rẹ̀, ẹ má dúró kí wọ́n pè yín. Títí èsì yóò fi dé, ẹ ṣe bíi pé G6PD ọmọ náà kò tó. Èyí kan ẹrù tí ìyá tiyín lè fi ránṣẹ́ láti ilé náà o: àwọn aṣọ ọmọ tí wọ́n kó kánfọ̀ sí láàárín nínú àpótí, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ sá wọn sóòrùn títí òórùn náà á fi lọ. Kánfọ̀ oníkóró funfun yẹn ti ba ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́ nílé wa. Balm tó ní menthol, ẹ gbé e jìnnà sí ọmọ.

Bí ẹ ó ṣe máa wo ọmọ: ẹ gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé lọ́sàn-án, ẹ fi ìka tẹ èrìgì rẹ̀ tàbí orí imú, ẹ yọ ìka, ẹ wo àwọ̀ tó wà níbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó padà. Ẹ wo funfun ojú. Lára ọmọ tó dúdú, èrìgì àti ojú ló máa kọ́kọ́ sọ òótọ́. Tó bá di yẹ́lò kó tó pé wákàtí 24 láyé, tàbí tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti yẹ́lò, tàbí tí kò mu ọyàn mọ́ tó kàn ń sùn, ọsibítù ni, ní wákàtí yẹn. Gbígbé ọmọ sí oòrùn àárọ̀ kò tó iná búlúù ọsibítù. Omi gúlúkóòsì kò wúlò fún un rárá.

Ẹ̀bu pupa fún gìrì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀bu yẹn ní zhusha nínú, òun ló ń jẹ́ kó pọ́n. Mẹ́kúrì wà nínú zhusha. Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀: kò gbọdọ̀ wọ ẹnu ọmọ. Bí tìróò ṣe ní lẹ́ẹ̀dì, tí àwọn ìyá wa sì ń fi lé ọmọ lójú láti fi ṣe ọmọ lóge, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí rí. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n irin burúkú ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ tuntun tó ń fò sókè lójú oorun tí ilẹ̀kùn bá dún, ara rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, á dá dúró fúnra rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀.

* * *

Lékulẹ́jà

Ẹ rọra o, ẹ̀yin dókítà. Mo gbọ́ ti ọmọ tuntun, mi ò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń yí sí pé gbogbo ohun tó ti inú báàgì àgbà jáde, ìfura ni. Singapore fi òfin de huanglian ní 1978 nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń di yẹ́lò yìí kan náà. Òfin yẹn kò sí mọ́ lónìí, wọ́n ti yọ ọ́. Láàárín àwọn àgbà ní Ṣáínà, oògùn tí wọ́n yọ láti inú irú gbòǹgbò yìí, berberine, ni wọ́n ń rà ní kẹ́mísìtì fún ìgbẹ́ gbuuru, owó rẹ̀ ò tó nǹkan.

Ẹ tún rántí ACT tí gbogbo wa ń lò fún ibà nílé. Láti ara qinghao, ewé Ṣáínà kan, ló ti wá. Ní ọ̀rúndún kẹrin, Ge Hong, oníṣègùn Ṣáínà àtijọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí a mú qinghao ẹ̀kúnwọ́ kan, kí a rẹ ẹ́ sínú omi, kí a fún un, kí a mu omi rẹ̀ fún ibà. Kò ní kí a sè é. Tu Youyou, obìnrin onímọ̀ oògùn ní Ṣáínà, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti ń sè é, kò ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi ìgbà tó padà lọ ka ọ̀rọ̀ Ge Hong tó sì rí i pé iná ló ń ba oògùn náà jẹ́. Ó wá fi ether yọ ọ́, torí ether ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 35 péré. 1971 nìyẹn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Nàìjíríà sì ti sọ ACT di oògùn ibà àkọ́kọ́ láti 2005. Ẹni tó bá ní egbòogi kò ṣiṣẹ́, kó dá ACT tó ti mu padà.

* * *

Agbẹ̀bí

Bàbá, a kò bá yín jà. Yíyọ tí wọ́n yọ òfin kúrò lórí huanglian kò sọ ọ́ di oúnjẹ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta. Ìtàn qinghao tí ẹ sọ yẹn náà, ẹ̀yìn wa ló wà: iye iná, iye omi, ẹni tí a fẹ́ fún, gbogbo rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Orúkọ ewé nìkan kò tó.

* * *

Ẹni Xiaobei

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ìkòkò, torí ibẹ̀ ni ìyá ọkọ ti máa lo ọjọ́ tó pọ̀ jù. Atalẹ̀ àti fínígà yẹn, zhujiao jiang ni wọ́n fẹ́ sè: ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀, atalẹ̀, fínígà àti ẹyin. Kò sí ilé ará Guangdong tí wọ́n bímọ sí tí ẹ ò ní gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n máa ń gbé díẹ̀ fún àwọn aládùúgbò náà, òun ni wọ́n fi ń kéde ọmọ. Ẹ gbà á, ẹ jẹ ẹ́, ó dùn.

Fún atalẹ̀ kílò kan: fínígà aládùn bíi lítà méjì, ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kílò kan ààbọ̀, ẹyin mẹ́wàá. Wọ́n á bó atalẹ̀, wọ́n á fi pẹlẹbẹ ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́ fọ́ díẹ̀, wọ́n á yan án nínú agbada gbígbẹ láìsí òróró títí ojú rẹ̀ á fi gbẹ. Tí omi bá ṣì wà lára rẹ̀, ìkòkò lè bu funfun lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ìkòkò amọ̀ ni wọ́n ń lò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e ka ìkòkò alúmíníọ̀mù tàbí irin, fínígà á jẹ ìkòkò náà wọ inú ọbẹ̀, á sì ní adùn irin. Wọ́n á da fínígà lé atalẹ̀, á hó, wọ́n á dín iná kù fún wákàtí kan, wọ́n á pa iná. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń ṣe apá yìí ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìbímọ, wọ́n á máa gbé e kaná díẹ̀díẹ̀ kí atalẹ̀ má baà le koko.

Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kì í wọ inú rẹ̀ ní tútù. Wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kí ìfófòó àti ẹ̀jẹ̀ lè jáde, wọ́n á fi omi tútù fọ̀ ọ́, wọ́n á fa irun tó kù, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ fínígà fún wákàtí kan sí kan ààbọ̀. Tó bá pẹ́ jù, ẹran á yọ́ tán, egungun nìkan ni ẹ ó máa fi síbí kó. Ẹyin ni ìkẹyìn: ẹ sè é lọ́tọ̀, ẹ bó o, ẹ rì í sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí iná ti kú, kó sùn di ọjọ́ kejì. Ẹyin tó bá bá a hó pọ̀, á le bí rọ́bà. Síbí gbígbẹ ni kí ẹ máa fi bù ú.

Ìgbà tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ ni àwọn ìyá ọkọ fúnra wọn ń jà lé lórí. Àwọn kan ní ọjọ́ kìíní. Ọ̀pọ̀ àgbà Guangdong ní ọjọ́ kejìlá, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ìbímọ bá ti dín kù. Ti ọjọ́ kejìlá ni mo fara mọ́. Tí ẹ bá ní ọgbẹ́ inú, ẹ tọ́ ọ wò lásán. Ṣúgà inú fínígà aládùn yẹn pọ̀ gan-an, nítorí náà tí wọ́n bá ti sọ fún yín nígbà oyún pé ṣúgà yín ga, ẹyin àti ẹsẹ̀ ni kí ẹ jẹ, ẹ má mu omi rẹ̀.

* * *

Ìyàwó Foshan

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ní kí ọkọ mi béèrè orúkọ, huanglian ni lóòótọ́. Ìbéèrè mìíràn: wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ wẹ̀, mi ò gbọdọ̀ fọ irun, mi ò gbọdọ̀ tan ẹ́sì fún ọgbọ̀n ọjọ́. Oṣù keje ọdún, Júláì, ni mo máa bí. Ìyá tèmi nílé sì ń sọ pé tí mi ò bá fi omi gbígbóná wẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, ara mi ò ní padà sípò. Ta ni mo fẹ́ gbọ́ tirẹ̀?

* * *

Agbẹ̀bí

Ẹ ò rí nǹkan: ìyá Ṣáínà ní omi á wọ eegun, ìyá Yorùbá ní omi ló máa yọ ọ́ jáde. Ohun tí àwọn méjèèjì ń sá fún, òtútù ni.

Oṣù keje ní Guangzhou, ooru rẹ̀ máa ń dé ìwọ̀n 35, atẹ́gùn ibẹ̀ sì máa ń lómi. Abiyamọ tí wọ́n ti fèrèsé mọ́, tí wọ́n dì ní káàdígàànì, tí wọ́n fi aṣọ di lórí, tí kò sì ní ẹ́sì, ooru lè pa á. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ tan ẹ́sì sí 26, ẹ yí ẹnu rẹ̀ sókè kó má fẹ́ sí yín lára. Ní ti wíwẹ̀, ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ ìyá Guangdong gan-an ti gbà báyìí: omi tí wọ́n fi èèpo atalẹ̀ sè, tí ó ti lọ́wọ́ọ́rọ́, kí ẹ wẹ̀ kíákíá, kí ẹ fi ẹ̀rọ gbígbóná gbẹ irun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyẹn á tẹ́ ìyá méjèèjì lọ́rùn. Tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, omi kò gbọdọ̀ kan ojú ibẹ̀ títí wọn yóò fi ní ó yá. Kí ìyá tiyín náà má gbé yín jókòó sínú omi tó ń hó, mo ti rí awọ tí omi yẹn bó lára abiyamọ.

Ohun tí mi ò ní gbà rárá ni kí ẹ dùbúlẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ̀jẹ̀ máa ń fẹ́ dì lẹ́yìn ìbímọ, ó lè dì nínú ẹsẹ̀, kó ti ibẹ̀ gun ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ máa rìn nínú ilé láti ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì. Tí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ tó sì ń dùn yín ní ẹran ẹ̀yìn ojúgun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ha á tàbí wọ́ ọ. Ọsibítù ni.

Omi gbígbóná tí wọ́n á máa bù fún yín láti inú fúláàsìkì láti òwúrọ̀ dalẹ́, ẹ máa mu ún. Ọyàn nílò omi, kò sì ní bá yín jà.

* * *

Apòògùn

A ti gbàgbé bàbá. Lẹ́yìn ọmọ, àwọn ni báàgì yẹn lè tètè ṣe léṣe jù.

Warfarin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Àyẹ̀wò INR ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni wọ́n ń fẹ́ kó wà láàárín 2 sí 3; tó bá ga jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà. Danggui ń gbé e sókè. Danshen, gbòǹgbò mìíràn, ń gbé e sókè, ó sì wà nínú hóró oògùn kéékèèké tí àwọn àgbà Ṣáínà ń lò fún àyà dídùn, tí ọ̀rẹ́ ń fún ọ̀rẹ́ láìsí dókítà. Gouqi pàápàá, tí gbogbo èèyàn ń pè ní èso lásán: àkọsílẹ̀ wà nípa àwọn tó ń mu tíì rẹ̀ tó ki lójoojúmọ́ tí INR wọn sì fò sókè. Ginseng ń ṣe òdìkejì, ó ń fà á wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ráyè dì.

Nítorí náà, ìkòkò kan kò gbọdọ̀ bọ́ abiyamọ kí ó tún bọ́ bàbá. Kí wọ́n bu ọbẹ̀ adìyẹ ti bàbá sọ́tọ̀ kí danggui àti gouqi tó wọ inú ìkòkò. Tí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ tó mọ̀, kí wọ́n lọ yẹ INR wò lọ́sẹ̀ yẹn, kí wọ́n má dá warfarin dúró fúnra wọn. Èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ara tó ń dáranjẹ̀ láìsí ohun tó kọlù ú, wọn ò gbọdọ̀ dúró di àárọ̀. Ẹ̀yin náà, tí wọ́n bá ń gún yín ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, danggui kò sí fún yín títí yóò fi parí.

Gancao, gbòǹgbò aládùn kan, náà wà nínú ọ̀pọ̀ àpòpọ̀ wọn. Tí wọ́n bá ń mu ún lọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì ń fa pọ̀tásíọ̀mù wálẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó ṣọ́ ọ.

* * *

Lékulẹ́jà

Ti pátákó ìwo ẹfọ̀n, tèmi ni. Guasha ni. Àwa náà mọ ìwo tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ burúkú, àwa náà ń sín gbẹ́rẹ́, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Èyí kì í tilẹ̀ la ara.

Òróró ni kí ó kọ́kọ́ kan ara, kó pọ̀. Wọ́n á dá pátákó náà tẹ̀ díẹ̀, kì í dúró ṣánṣán, wọ́n á ha láti ìsàlẹ̀ irun ẹ̀yìn ọrùn wá sí èjìká, ọ̀nà kan ṣoṣo, kì í lọ kó bọ̀. Nǹkan bí ogún ìgbà lójú ìlà kan, wọ́n á bọ́ sí òmíràn. Wọn kì í ha lórí eegun ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, wọn kì í ha iwájú ọrùn. Àmì pupa á yọ, wọ́n ń pe àmì náà ní sha, á lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí méje. Wọn kì í tún ibẹ̀ ha kí àmì àkọ́kọ́ tó lọ. Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ ni kí òróró gbẹ kí wọ́n sì máa ha lọ, awọ á bó. Inú tó dùn mọ́ àgbà tó ń ha náà ń bà á jẹ́, tó bá rí pupa, á fẹ́ rí dúdú.

Bàbá tó ń lo warfarin, rárá. Abiyamọ, ejìká nìkan, tí ọmọ gbígbé bá dùn ún. Ọmọ ọwọ́, rárá. Àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Britain tàbí Amẹ́ríkà tó ní ìyá ọkọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n rántí pé nọ́ọ̀sì ilé ìwé tó bá rí àmì yẹn lẹ́yìn ọmọ lè rò pé ẹ nà án ni.

* * *

Ẹni Xiaobei

Ejiao: awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n sè di gẹ̀lẹ́, Dong'e ní Shandong ni ibi tó lórúkọ jù. Gíráàmù mẹ́ta sí mẹ́sàn-án lójúmọ́, wọ́n kì í sè é pọ̀ mọ́ àwọn yòókù torí á lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò á jóná, lọ́tọ̀ ni wọ́n ń yọ́ ọ. Kò ní pa yín lára, àfi owó. Ẹran pupa àti oògùn irin ọsibítù ló ń wo àìtó ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ohun tó ń bí mi nínú nípa rẹ̀ kò sí nínú ìkòkò: nítorí ejiao ni wọ́n ṣe ń jí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pa ká gbogbo Áfíríkà, títí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fi dá òwò awọ rẹ̀ dúró ní 2024. Ẹ gba páálí náà, ẹ dúpẹ́, ẹ má ra òmíràn.

Bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ wá kù. Ẹ̀yin kọ́ ni kí ẹ sọ ọ́. Ọmọ wọn ni. Kò sí ìyàwó tó ń sọ fún ìyá ọkọ pé "èyí ò dáa" tí ojú kò ní tì wọ́n. Kí ọkọ yín sọ pé "yisheng shuo", dókítà ló sọ ọ́, kí ó sì jẹ́ òótọ́, ẹ gbé orúkọ lọ fún dókítà ṣáájú. Fún huanglian àti ẹ̀bu pupa, kí ó má sọ pé "ẹ dà á nù." Kí ó ní kí wọ́n fi pamọ́ di manyue, ọjọ́ tí ọmọ pé oṣù kan tí wọ́n ń pín ẹyin pupa. Èsì gìgísẹ̀ á ti dé nígbà náà, kò sì ní sí ẹni tó máa rántí fífọ inú mọ́. Ẹ wá gbé ìkòkò ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ pátápátá, ẹ máa béèrè bí wọ́n ṣe ń sè é, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn.

* * *

Ìyàwó Foshan

Ọkọ mi ti gbà láti sọ ọ́. Ìgò ọtí tí kò ní lébẹ̀lì nìkan ló kù. Àǹtí, àbúrò ìyá ọkọ mi, ní ti oríkèé ríro ni, pé bàbá wọn ló rẹ ẹ́.

* * *

Apòògùn

Ọ̀pọ̀ ọtí ìfipara oríkèé ní gbòǹgbò caowu tàbí chuanwu nínú. Májèlé ni àwọn méjèèjì tí wọn kò bá sè wọ́n pẹ́, ọtí sì ń fa májèlé náà jáde dáadáa. Ẹni tó bá mu ún, ètè àti ahọ́n á kú tipiri láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí kan tàbí méjì, á bì, ọkàn á máa lù ségesège. Kò sí oògùn tó ń pa á lápápọ̀, ọsibítù ni wọ́n ti ń gbé ọkàn ró títí yóò fi jáde nínú ara. Ọtí mímu tí wọ́n fi egbòogi rẹ náà sì wà nílé Ṣáínà, nínú irú ìgò kan náà, àwọ̀ kan náà. Àṣìṣe yẹn kì í ṣòro fún bàbá tó fẹ́ mu ife kan pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́.

Wọn ò gbọdọ̀ fi pa ojú ibi tó bó, kí ọwọ́ tó bá fi pa á má sì kan ọmọ kí wọ́n tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sí kíṣìnnì. Ẹ lẹ pépà funfun mọ́ ọn yí ká, ẹ fi bírò pupa kọ lẹ́tà méjì yìí sí i gàdàgbà, 外用, ìyẹn ìfipara nìkan, kí ẹ sì jẹ́ kí Àǹtí fúnra wọn kọ ọ́.